Santana lójú agbo: ìṣeré wo ni kí onílù kọ́kọ́ gbọ́, àwọn wo ló sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà?

Onílù Àkúbà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìlù àkúbà ni mo ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún kan fẹ́ ṣeré níbi ọjọ́ ìbí ẹnì kan nínú oṣù tó ń bọ̀, orin méjì ti ẹgbẹ́ Santana, àwọn olórin róòkì láti San Francisco ní Amẹ́ríkà, ni a sì mú, ìyẹn "Soul Sacrifice" àti "Jingo". Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé nígbàkúùgbà tí mo bá wá orin méjèèjì lórí YouTube, oríṣiríṣi ìṣeré ni mo ń rí. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lù ú yàtọ̀ síra. Nínú ọ̀kan, ọmọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ ilé-ìwé girama ló wà nídìí dírọ́ọ̀mù. Nínú òmíràn, obìnrin ló wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, ìlù ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Nínú òmíràn, ó fara balẹ̀, gìtá ló gba gbogbo ojú agbo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èwo nínú àwọn ìṣeré wọ̀nyí ni kí n fi ṣe àwòkọ́ṣe? Àwọn wo ni wọ́n ń lù nínú rẹ̀, kí ló sì dé tí wọn kò sí níbẹ̀ mọ́? Ṣé àwa márùn-ún, tí a ní gìtá kan, béèsì kan, dùùrù kan, dírọ́ọ̀mù kan àti èmi pẹ̀lú àkúbà méjì, lè gbé e?

Àwo Àtijọ́:

Àbúrò, o káàbọ̀. Bí orúkọ agboolé ni "Santana" rí: ilé kò yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti pààrọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Má ṣe kọ́ orin náà lọ́dọ̀ "Santana". Yan ọdún kan, kí o sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó wà lórí ìtàgé lọ́dún náà.

Ìṣeré tí o máa kọ́kọ́ dì mú ni ti Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, lórí ilẹ̀ oko kan ní Bethel, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn mẹ́fà ló gun orí ìtàgé. Carlos Santana, ọmọ Mẹ́síkò, wà nídìí gìtá. Gregg Rolie ń tẹ ọ́gáànù, ó sì tún ń kọrin. David Brown mú béèsì. Michael Carabello ń lu kóńgà, èyí tí àwọn onílù jùjú wa ń pè ní àkúbà, nítorí náà òun gan-an ni ọ̀gá rẹ. José Areas, ọmọ Nikarágúà tí gbogbo ayé ń pè ní Chepito, wà nídìí timbales, ìyẹn ìlù méjì tí ara wọn jẹ́ irin, tí à ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù. Ọmọkùnrin tí o rí nídìí dírọ́ọ̀mù ni Michael Shrieve. Inú oṣù Keje ọdún náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún.

Kí o lè mọ bí ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ti tó, ronú pé àwo àkọ́kọ́ wọn kò tíì sí lórí igbá nígbà náà. Àwọn ará San Francisco mọ̀ wọ́n, nítorí pé Bill Graham, ẹni tó ni gbọ̀ngàn Fillmore West, fẹ́ràn wọn, òun náà ló sì tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n tó lè dé Woodstock. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tó jókòó sórí koríko lọ́jọ́ náà kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí. Carlos fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti lo mescaline, oògùn kan tó máa ń mú kí ojú rí ohun tí kò sí, nítorí òun rò pé ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó kàn wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa bọ̀ lórí ìtàgé ní ọ̀sán gangan, tí ọrùn gìtá sì ń lọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ejò. Bí o bá wo ojú rẹ̀ nínú fíìmù, wàá rí i bó ṣe ń fẹyín keke, tó ń di ojú, bí ẹni tó ń wọ̀yá ìjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara adùn orin ni. (Ẹ má fi ti oògùn ṣe àwòkọ́ṣe o. Ọlọ́run ló yọ ọ́.)

Èmi kò rò pé gìtá ló gba Woodstock là lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́ta tó wà nídìí ìlù ni. Kí o lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ, wá àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Fillmore West ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú, èyí tí wọn kò gbé jáde títí di ọdún 1997. Doc Livingston ló wà nídìí dírọ́ọ̀mù níbẹ̀, Marcus Malone ló ń lu kóńgà, Chepito kò sì tíì dé. "Jingo" àti "Soul Sacrifice" wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń lù mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n orin náà dà bí aṣọ tí wọn kò tíì ran etí rẹ̀. Ẹjọ́ kan ló mú Malone kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 1969, wọ́n sì pe Carabello padà, torí pé ó ti bá wọn ṣe díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbọ́ ti 1968 lẹ́ẹ̀kan, kí o wá gbọ́ ti Woodstock lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìyá Onídùùrù:

Ẹ̀gbọ́n Àwo Àtijọ́ ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn onílù, wọ́n ti sáré kọjá lórí Gregg Rolie. Ẹ jẹ́ kí n gba tirẹ̀ sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Carlos Santana ló ń kọrin nínú "Evil Ways" àti "Black Magic Woman". Rárá o. Ohùn Rolie ni. Ẹgbẹ́ yìí ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń ta gìtá, ṣùgbọ́n ohùn tí ayé fi mọ̀ ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kì í ṣe ohùn onítọ̀hún. Nígbà tí Rolie kúrò lẹ́yìn ọdún 1972, kì í ṣe onídùùrù nìkan ni wọ́n pàdánù. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ náà ti ń pààrọ̀ olórin bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ.

Ní ti ọ́gáànù rẹ̀, Hammond B-3 ni, a sì máa ń so ó mọ́ àpótí gbohùngbohùn Leslie, tí ìwo inú rẹ̀ ń yí gbirigbiri bí fáànù. Yíyí náà ló ń fa ohùn yẹn tó ń gbọ̀n rìrì, tó dà bí ìgbà tí ooru ń gòkè lórí ọ̀dà títì ní ọ̀sán. Dùùrù kékeré tí ẹ ní kò ní Leslie lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wá ohùn ọ́gáànù inú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ó ní bọ́tìnnì tó ń yí ohùn náà láti orí kíákíá sí orí jẹ́jẹ́. Bí ó bá ní, kí onídùùrù yín máa lò ó nígbà tí orin bá fẹ́ gòkè.

Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ ṣe nìyí, nítorí pé èmi náà ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti mọ́ wa lára láti fi gbogbo ìka lé dùùrù, kí a sì jẹ́ kí ohùn máa dún lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ pásítọ̀. Bí onídùùrù yín bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú "Soul Sacrifice", ó ti bo ìlù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Rolie máa ń gún un ṣókí, á sì yọwọ́. Ibi tó yọwọ́ yẹn ni àkúbà yín ti ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi dúró de kí ẹnì kan dárúkọ ẹni tó ni "Jingo", mi ò sì gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n wí i fúnra mi, nítorí ọmọ ilé wa ni.

Babátúndé Ọlátúnjí ló ni ín. Wọ́n bí i ní 1927 ní Àjídò, ìlú ẹja pípa tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ó lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta ní 1950, ìlù tó ń lù fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì wá di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ tí wọ́n pè ní "Drums of Passion" jáde, orin yìí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ "Jin-go-lo-ba". Ìlù àti ohùn ènìyàn nìkan ló wà nínú àwo yẹn: kò sí gìtá, kò sí béèsì, kò sí ọ́gáànù. Nígbà tí ẹgbẹ́ Santana náà fẹ́ gbé orin kan ṣoṣo jáde ní 1969 láti fi ta ara wọn fún aráyé, ilé-iṣẹ́ Columbia kan náà ni wọ́n wà, orin ọmọ Àjídò yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi síta. Kò rìn tó bí wọ́n ṣe rò. "Evil Ways" ló wá gbé wọn wọ inú orin mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ọlátúnjí àti Carlos wá jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú àwo kan ní 1986, bàbá náà sì kú ní 2003.

Ìmọ̀ràn mi fún ọ nìyí, ìwọ Onílù Àkúbà. Kí o tó fi ọwọ́ kan ìlù, kí ẹ̀yin márààrún jókòó, kí ẹ gbọ́ ti Ọlátúnjí. Ẹ ó gbọ́ bí elé ṣe ń pè, tí ègbè sì ń dáhùn, àti bí ìlù ńlá ṣe ń dá sí i láàárín, bí àgbàlagbà tó wà nínú ìjókòó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ Santana gbé iṣẹ́ elé àti ègbè yẹn fún gìtá àti ọ́gáànù, ìyẹn ni ọgbọ́n tí wọ́n dá. Nítorí náà, bí onígìtá yín bá ń ta láìdákẹ́, kò sí ẹni tí yóò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ohun kejì: ọ̀rọ̀ inú orin náà dún bí ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ́nu àwọn Santana, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ Ìbàdàn máa fi imú pe é bíi wọn. Ẹ kọ ọ́ bí Ọlátúnjí ṣe kọ ọ́.

Ará Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó sì dùn mọ́ mi, pàápàá torí pé ìlù Yorùbá ni kóńgà yẹn láti ilẹ̀, òun la kó lọ sí Kúbà.

Mo fẹ́ fi tèmi kún un nípa àwọn tó ti kúrò. Mo wo ẹgbẹ́ Santana níhìn-ín ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Cindy Blackman, ìyàwó Carlos, ló wà nídìí dírọ́ọ̀mù, òun sì ni obìnrin tí ẹni tó béèrè rí. Ọwọ́ rẹ̀ le, iṣẹ́ jáásì ló sì kọ́ kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, nígbà tí wọ́n dé orí "Soul Sacrifice", mo rí i pé ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn ti Woodstock ló wà níwájú mi. Mo ń gbádùn rẹ̀, ọkàn mi sì ń bi mí pé, ṣé Santana ni mò ń wò yìí, àbí Carlos?

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra àwo àtijọ́ wọn, kí ó ṣọ́ra. Mo ra "Abraxas" lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta nǹkan àlòkù. Páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwòrán obìnrin àti áńgẹ́lì pupa náà ń dán. Mo san owó, mo gbé e délé, mo pọn tíì, mo jókòó. Bí mo ṣe gbé abẹ́rẹ́ lé e, orin ìyìn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní bóyá Ọlọ́run ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ máa fa àwo yọ kúrò nínú páálí, kí ẹ sì ka àárín rẹ̀, kí ẹ tó yọ owó.

Àwo Àtijọ́:

Ará Peckham, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, kí àwọn ọmọdé má baà gbé e lọ. Kóńgà kì í ṣe ìlù Yorùbá. Kúbà ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tí wọ́n kó láti agbègbè odò Kóńgò lọ síbẹ̀ sì ni ìlà ìran rẹ̀ sún mọ́ jù; orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ tiwa ní Kúbà ni bàtá, tí àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ṣì ń lù fún òrìṣà títí di òní. Láti Kúbà ni kóńgà ti padà wá bá wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àkúbà.

Nípa àwọn tó kúrò, ìtàn náà kò ṣe ṣókí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ Chepito, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn tó le. Wọ́n ti gba iṣẹ́ ní Gánà, níbi ayẹyẹ òmìnira, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ní Black Star Square ní Accra, níbi tí Wilson Pickett àti Ike àti Tina Turner náà ti ṣeré. Willie Bobo ló bá wọn dí àlàfo náà nídìí timbales. Àwa tó mọ̀ ọ́n kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí Bobo yìí ló ti kọ́kọ́ gbé "Evil Ways" sínú àwo kí ẹgbẹ́ Santana tó gbé e. Ẹni tí wọ́n jogún orin rẹ̀ ló wá bá wọn lùlù nílẹ̀ Áfíríkà. Bí o bá rí fíìmù ìṣeré yẹn, má ṣe fi kọ́ timbales Chepito. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Láàárín àkókò yẹn kan náà ni Neal Schon wọlé gẹ́gẹ́ bí onígìtá kejì, kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó wà nínú àwo kẹta, èyí tó jáde ní 1971. Ṣùgbọ́n inú ilé ti ń gbóná. Owó ti dé, oògùn olóró ti dé, Carlos sì ń fẹ́ kí orin náà yà sí ọ̀nà jáásì. Carabello àti Brown bọ́ síta ní 1971. Nígbà tí "Caravanserai", àwo kẹrin wọn, fi jáde ní 1972, Rolie àti Schon náà ti ń di ẹrù wọn. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dá Journey sílẹ̀ ní San Francisco ní 1973, ẹgbẹ́ tó wá lówó, tó sì lókìkí lọ́nà tirẹ̀. Shrieve pẹ́ ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ó wà níbẹ̀ di 1974.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "Lotus", tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Ọ̀sákà ní Japan ní oṣù Keje ọdún 1973, ẹgbẹ́ mìíràn lẹ ń gbọ́ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Shrieve àti Chepito ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Armando Peraza, ọmọ Havana, ló ń lu kóńgà, onídùùrù sì di méjì, ìyẹn Tom Coster àti Richard Kermode. Àwo mẹ́ta ni, ó sì rẹwà púpọ̀, bóyá ó tilẹ̀ ju ti Woodstock lọ létí ẹni tó ti dàgbà. Àmọ́ kì í ṣe fún ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ ìbí. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé Carlos ti di ọmọlẹ́yìn Sri Chinmoy, olùkọ́ ẹ̀mí kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, nígbà náà. Bí ẹ bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òde ìnáwó, wọ́n á ní kí ẹ máa bọ̀ wá jẹun.

Ará Peckham, nípa ìbéèrè ọkàn rẹ, wọ́n gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀. Ní 2016, Carlos, Rolie, Schon, Shrieve àti Carabello tún para pọ̀ ṣe àwo kan, wọ́n pè é ní "Santana IV", bí ẹni pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kẹta kò sí, wọ́n sì ṣeré ní Las Vegas lọ́dún náà. Chepito kò sí níbẹ̀, Brown sì ti kú láti ọdún 2000. Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ Shrieve ṣì wà bẹ́ẹ̀, ohùn Rolie sì ti nípọn díẹ̀, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá ejò jà níbẹ̀ mọ́.

Onímáìkì:

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń to ẹ̀rọ ohùn jẹun sọ ti iṣẹ́. Ẹni márùn-ún lè gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ bá ń gbìyànjú láti jẹ́ ẹni mẹ́fà.

Èyí tí ẹ kò ní ni timbales. Kí onídírọ́ọ̀mù yín má ṣe gbà á mọ́ tirẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ Shrieve nìkan tó o mu. Kí ẹ gbé agogo kan fún ẹni tó ń ta gìtá, kí ó máa lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ "Soul Sacrifice", torí pé ìlù àti béèsì ló kọ́kọ́ ń wọlé níbẹ̀, gìtá ṣì ń dúró. Bí gìtá bá ti wọlé, kí agogo dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù.

Ìwọ Onílù Àkúbà, ìṣòro tìrẹ ni pé wàá fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo onílù wa ló rí bẹ́ẹ̀, torí pé ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí omele ni kí o ṣe rí nínú orin yìí, kì í ṣe bí ìyáàlù. Wo Carabello dáadáa: nǹkan kan náà ló ń lù fún ìgbà pípẹ́, kò yẹ̀, kò sì sáré. Ìdúró rẹ̀ yẹn ló fún Shrieve láyè láti ya kúrò lójú ọ̀nà kí ó sì tún padà wá bá a níbi tó fi í sí.

Ní ti ìdálù Shrieve, kì í ṣe yíyára ọwọ́ ni kí onídírọ́ọ̀mù yín kọ́. Ó ní ibì kan tó ti mú ohùn ìlù wá sílẹ̀ pátápátá, tó ku kí ó dà bí òjò wínníwínní lórí páànù, kí ó tó tún gbé e sókè. Ẹni tí kò bá lè lùlù jẹ́jẹ́ kò lè ṣe ibẹ̀. Orin náà kò tó ìṣẹ́jú méje nínú àwo wọn àkọ́kọ́. Ní Woodstock, ó ju mẹ́wàá lọ. Ẹ má kọjá mẹ́jọ. Àwọn tó wá síbi ọjọ́ ìbí kò wá sí Woodstock.

Nípa máìkì, bí ẹ bá ní mẹ́ta péré, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan láàárín àkúbà méjèèjì lókè, ìkẹta sí ìlù ńlá onídírọ́ọ̀mù. Gìtá àti dùùrù ti ní àpótí tiwọn. Kí ẹ má sì gbé àpótí béèsì kọjú sí máìkì àkúbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo tó máa hu kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ yín.

Onílù Àkúbà:

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. A ti ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí mo ti béèrè, mo sì fẹ́ jíyìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kò tíì ka ohun tí Onímáìkì kọ, gbogbo wa ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onígìtá ń fẹyín bíi Carlos, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sí níbi tí ó yẹ kó wà. Lọ́jọ́ kejì, a jókòó gbọ́ Ọlátúnjí gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Àgbádárìgì ṣe wí. Onídùùrù wa, ẹni tó ti ń sọ pé orin òyìnbó ni a fẹ́ ṣe, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Ṣé ilé wa ni èyí ti wá ni?" Láti ìgbà náà ni ó ti ń yọwọ́ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ó rí bọ́tìnnì tí Ìyá Onídùùrù sọ, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. A ṣì ń bá a sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a dé ibi ìdálù. Parlọ̀ ilé onídírọ́ọ̀mù wa la wà, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Èmi kò kúrò lórí ohun kan ṣoṣo tí mò ń lù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé orí ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló ń kan awọ. Ìyá onílé, tó ti ń bá wa jà nítorí ariwo láti ọ̀sẹ̀ méjì, sáré yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Ṣé iná ti lọ ni?" Ẹ̀rín pa wá, onídírọ́ọ̀mù sì sọ ọ̀pá kan nù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nígbà náà pé a ti rí i mú.

Ó ku ohun kan. A kò mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀. Nínú fíìmù Woodstock, gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Ní tiwa, ẹnì kan ti dúró, ẹnì kan ṣì ń lọ, béèsì ni ó sì máa ń kẹ́yìn nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń fún wọn lámì níbẹ̀?

Ìyá Onídùùrù:

Kì í ṣe Carlos, nítorí ojú rẹ̀ ti di. Kí gbogbo yín wo onídírọ́ọ̀mù. Nígbà tó bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kọjá èjìká, ìkọlù kan ló kù. Kí ẹ sì yí onígìtá béèsì síwájú, kí ó lè rí i; mo fẹ́ gbà pé ó ń kọ ẹ̀yìn sí i.

Onílù Àkúbà:

Ẹ̀yìn gan-an ló ń kọ sí i, mà. Ibi tí wáyà rẹ̀ dé nìyẹn. A máa ra wáyà tó gùn.